Ojú fóònù tuntun: èwo ló yẹ ká rà, èwo ló yẹ ká fi sílẹ̀?

Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ yín, ó dojú délẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbé e, ọkàn yín ti sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ wa á sáré wá fídíò tó máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tú u. Lójú tèmi, títú kọ́ ni wàhálà. Ẹni tó ní sùúrù, tọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, á tú fóònù nílé, á sì tún un tò. Ọjà rírà ni wàhálà. Ẹ béèrè ojú fóònù kan ṣoṣo, oríṣi mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n máa kó wá, owó wọn á jìnnà síra bí ẹni pé fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà fún, gbogbo wọn ni wọ́n á sì kọ “original” sí lára.

Gíláàsì nìkan àbí odindi ojú

Gíláàsì ló wà lókè, ibi tó ń mọ ìka lára wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé àwòrán jáde ló wà nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí, méjì tó gbẹ̀yìn yìí ti di ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara ni wọ́n fi lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àwòrán bá ṣì mọ́, tí ìka sì ń ṣiṣẹ́ dé gbogbo igun, gíláàsì nìkan ló sán. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tó fà tààrà látòkè délẹ̀, tàbí àbàwọ́n dúdú tó ń ràn bíi tàdáwà lórí ìwé, tinú náà ti lọ.

Owó gíláàsì nìkan ò wọ́n rárá, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó tọ́ ní irin gbígbóná tí wọ́n ń gbé fóònù lé, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń là á, àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò kí gíláàsì tuntun tó lẹ̀. Ojú tí wọ́n ń pè ní OLED (màá ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́) tinrin débi pé bí wáyà yẹn bá ṣèèṣì yẹ̀, ojú ti kú. Àwọn kan máa ń ta gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ń fi iná UV mú le mọ́ gíláàsì ọ̀hún. Gọ́ọ̀mù yẹn mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ojú ju ẹ̀yin lọ. Ẹ ra odindi.

OLED àbí LCD

Ibí ni ẹ ti máa dúró pẹ́ jù. Nínú OLED, tóótó kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tan iná ara rẹ̀; níbi tó bá dúdú, ṣe ló pa á. LCD ní tiẹ̀ ní iná kan lẹ́yìn tó ń tan sí gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ dúdú. Ilé iṣẹ́ lè ṣe fóònù pẹ̀lú OLED, kí àwọn ẹlòmíì wá ṣe LCD tó bá ojú rẹ̀ mu. “In-cell” ni wọ́n sábà máa ń pè é fún iPhone, “TFT” fún Android.

Èmi náà rà á rí, fún fóònù àbúrò mi. Mo tò ó tán, ó tàn, inú wa dùn. Lálẹ́, a pa iná yàrá, a ṣí àwòrán dúdú kan: kò dúdú, ó rí bí eérú ààrò. Etí rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè fíréèmù, torí LCD nípọn ju OLED lọ. Àbúrò mi wá gbé àtàǹpàkò lé ibi tó máa ń fi ṣí fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Asán. Ohun tó ń ka ìka nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ojú. Àárín àwọn tóótó OLED ló ti ń ríran. Iná ẹ̀yìn LCD àti àwọn ìpele tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ti dí i lójú. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Èsì rẹ̀: “Ṣé kò tàn ni?”

Bí ibi ìtẹ̀ka fóònù yín bá wà lábẹ́ ojú, ẹ má fi LCD rọ́pò OLED. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, ẹ lè fara mọ́ ọn fún fóònù àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì á máa tètè lọ. iPhone XR àti iPhone 11 ní tiwọn, LCD ni ilé iṣẹ́ fi ṣe wọ́n látìbẹ̀rẹ̀, in-cell ò sì já wọn sílẹ̀ rárá. iPhone X tó jáde ní 2017 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo OLED.

Soft OLED, hard OLED

OLED ni méjèèjì. Ike ló wà nísàlẹ̀ soft, ó ń tẹ̀ díẹ̀. Gíláàsì ló wà nísàlẹ̀ hard. Hard dínwó, àwọ̀ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fi agbára tẹ igun rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń tò ó, ó lè sán kó tó débi ìlò. Ẹni tí fóònù máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó fowó kún un kó ra soft.

“Original” wo?

Ẹ bi ẹni tó ń tà á: tuntun látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ni, àbí èyí tí wọ́n yọ lára fóònù míì, àbí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àmọ́ tí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù fówó tí wọ́n ń gbà lé e. Èyí tí wọ́n yọ náà dáa, bí kò bá tíì gbó. Ẹ ṣí àwòrán eléérú kan kó kún ojú. Bẹ́ ẹ bá rí òjìji kíbọ́ọ̀dù nísàlẹ̀, ẹ dá a padà.

Láti orí iPhone 11 (2019), ìkìlọ̀ máa ń jáde nínú Settings bí fóònù ò bá dá ojú tuntun mọ̀. Láti orí iPhone 8, True Tone (tó ń mú àwọ̀ ojú bá iná ibi tẹ́ ẹ wà mu) lè lọ bí wọn ò bá fi ẹ̀rọ kékeré kan kó àkọsílẹ̀ ojú àtijọ́ sínú tuntun. Kò dí fóònù lọ́wọ́ iṣẹ́.

Pẹ̀lú fíréèmù àbí láìsí i

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí ọ̀pọ̀ Android, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú mọ́ fíréèmù. Bẹ́ ẹ bá ra ojú nìkan, ẹ máa fi iná gbóná gbẹ́ ti àtijọ́ kúrò ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ sì máa kó èérún gíláàsì. Bó bá sì jẹ́ pé ìṣubú yẹn ti tẹ igun fíréèmù, ojú tuntun ò ní jókòó dáadáa, yóò sì tún sán láìpẹ́. Èyí tó bá fíréèmù wá wọ́n jù, ẹ sì máa kó bọ́ọ̀dù, bátìrì àti gbogbo inú fóònù lọ sílé tuntun. Bátìrì nìkan ló le níbẹ̀: gọ́ọ̀mù mú un, bẹ́ ẹ bá fi irin ṣónṣó gún un, ó lè gbiná. Ike ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kẹ́ ẹ sì ti lo ṣájì inú rẹ̀ wálẹ̀ ṣáájú. Síbẹ̀, fún Android, èyí tó ní fíréèmù ni màá rà.

iPhone ò ní ìṣòro yẹn: síkúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ṣájà lẹ máa kọ́kọ́ tú, iwájú sì ni yóò ti ṣí. Láti X dé 12, wáyà etígbọ̀ọ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú àtijọ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ gbé e kọjá sórí tuntun pẹ̀lẹ́, torí bó bá ya, Face ID, tó ń wo ojú èèyàn kó tó ṣí fóònù, ti lọ.

Irinṣẹ́ àti gọ́ọ̀mù

Ẹ náwó sórí síkúdíréfà. Orí rẹ̀ tí kò le dáadáa á jẹ síkúrù, iṣẹ́ sì dúró. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tó láti fi mú gọ́ọ̀mù àtijọ́ rọ̀. Nínú gọ́ọ̀mù B-7000 àti tépù tí wọ́n ti gé bá fóònù yín mu, tépù ni kẹ́ ẹ mú. B-7000 ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 24 lábẹ́ ìdìmú, bó bá sì pọ̀ jù, inú ihò etígbọ̀ọ́ ló ń ṣàn lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi nọ́ńbà irú fóònù yín (model number) tó wà nínú Settings wé ti ọjà náà, torí orúkọ kan lè ní nọ́ńbà méjì. Nígbà tó bá dé, ẹ má tíì bọ́ ọ̀rá ojú rẹ̀. Ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, ẹ so ojú tuntun, ẹ dá wáyà bátìrì padà, ẹ tan fóònù, ẹ fi ìka fa àwòrán kékeré kan káàkiri gbogbo igun. Ẹ pe ẹnì kan, kẹ́ ẹ gbé fóònù sétí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá iná ojú rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ wá lẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, ẹni tó tà á ò ní gbà á padà, fóònù yín náà ò sì ní fara da omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.