Korobá ọlọ́mọrí dípò apẹ̀rẹ̀ Àjíǹde

Nínú ohun tó wà lọ́jà Kàbà tó lè rọ́pò apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ọdún Àjíǹde fáwọn ọmọ, korobá oníke onílítà 2 tó ní ọmọrí la fara mọ́ jù. Ó gba ẹyin sísè 3, ife ṣín-ṣín kan àti ìwé àwòrán tí a ká. Ẹ jẹ́ kí ẹyin tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Bó bá ṣì gbóná, ooru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ọmọrí, ṣín-ṣín á sì rọ̀. Ṣokoléètì ńkọ́? Nínú ooru yìí? Ẹ fi sílẹ̀. Ọwọ́ korobá náà nìkan ni kò dáa: wáyà ni, ó máa ń yọ nínú ihò. Ẹ fi ankara tẹ́ẹ́rẹ́ dì í ní kókó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.