Ẹ ṣọ́ra fún orí DAF funfun tó ń ti Wáásáàpù kan bọ́ sí òmíràn

Ẹ̀yin ará mi tó ń ra orí tírélà tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ nítorí fọ́tò. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà ni èmi fi kọ́gbọ́n, owó àsansílẹ̀ orí DAF XF105 tí n kò fojú rí títí di òní. Ẹni tó gba owó náà ò tiẹ̀ sá lọ. Ó ṣì ń fi fọ́tò ọkọ̀ kan náà polówó, ó kàn pààrọ̀ nọ́ńbà àti orúkọ ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mo ń wá orí ọkọ̀ tí yóò máa kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò wá sí Ìbàdàn. Ẹnì kan nínú gúrúùpù àwa onítírélà ló fún mi ní nọ́ńbà ajẹ́ńtì kan. Ohùn ọmọ náà tutù bí omi àmù, "dádì mi" ló ń pè mí. Ó ní ọkọ̀ náà wà ní Họ́láńdì, pé ó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, pé bí mo bá lè san díẹ̀ sílẹ̀, òun á dá àwọn tó ń du ú dúró. Fọ́tò méje ló fi ránṣẹ́. Orí DAF funfun kan ni, ó dúró lórí kọnkéré tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, géètì pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Sítíárì wà lápá òsì bó ṣe yẹ. Àmọ́ wọ́n ti bo nọ́ńbà ọkọ̀ títí tó fi di bàìbàì, wọ́n sì bo lẹ́tà DAF tó wà níwájú náà. Mo béèrè ìdí. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ò fẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn ń ta nǹkan àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo sanwó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí n tó fi fọ́tò han awakọ̀ mi, bàbá tó ti ń wa tírélà látìgbà tí mo ṣì ń wọ pátá kiri. Kò bi mí ní iye tí mo san, kò sì ka gbogbo ìtàn tí ajẹ́ńtì kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìka méjì fa táyà iwájú kó lè tóbi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà yìí." Mo tẹjú mọ́ ọn. Michelin ni, àmọ́ ẹ̀yìn ni mo ti ń kà á bọ̀ síwájú, lẹ́tà N sì kọjú sódì, bí ìgbà téèyàn bá gbé ìwé síwájú dígí. Ojú mi wálẹ̀. Ọkọ̀ ìlú ọba ni, tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Wọ́n kàn fi fóònù yí fọ́tò náà padà kí sítíárì lè bọ́ sápá òsì. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bo lẹ́tà DAF. Ká ní wọ́n fi sílẹ̀ ni, FAD ni ì bá máa wò mí lójú.

Mo tún un yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lórí fóònù tèmi, mo fi Google Lens wá a. Kò pẹ́ rárá tó fi gbé ìpolówó ọlọ́jà ọkọ̀ kan jáde ní ìlú ọba, ọkọ̀ yẹn gan-an, géètì pupa yẹn gan-an, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti tà. Nígbà tí fọ́tò ṣì wà lódì, Google ò rí nǹkan kan fi hàn mí. Òkò kan, ẹyẹ méjì ni fún wọn: sítíárì bọ́ sí ibi tí àwa ń fẹ́, Google ò sì rí orísun rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nọ́ńbà tí wọ́n bò yẹn gan-an ì bá ti tú wọn fó lójú ẹsẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n bò ó tó, àwọ̀ rẹ̀ ṣì hàn. Ọmọ yìí ní Họ́láńdì ni ọkọ̀ wà. Ní Họ́láńdì, yẹ́lò ni nọ́ńbà ọkọ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Funfun ni eléyìí níwájú, yẹ́lò lẹ́yìn, ìlú ọba sì ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti wo fọ́tò yẹn ó tó ogún ìgbà, n kò ronú kàn án.

Àwọn kan á ní kí ló kan sítíárì, ṣebí mẹkáníìkì lè gbé e lọ sí òdìkejì. Láti 1972 tí Nàìjíríà ti fi apá òsì títì sílẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan ń ra ti ìlú ọba torí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí wọ́n á wá gbé e fún wẹ́dà. Èmi ò ní jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láti Ṣàgámù dé Ọ̀gẹ̀rẹ̀, ká má tíì sọ pé kí n di sìmẹ́ńtì lé e.

Bí wọn ò bá wá fi inú ọkọ̀ hàn yín ńkọ́, tí oòrùn bo gíláàsì iwájú? Ẹ wo òkè ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ńlá Yúróòpù máa ń ní dígí kékeré kan tó dojú kọlẹ̀ lókè ilẹ̀kùn, tí awakọ̀ fi ń wo kẹ̀kẹ́ tàbí ọmọdé tó bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ojú rẹ̀ ò tó. Ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ò jókòó sí ló ń wà. Tó bá wà lápá òsì ọkọ̀, sítíárì wà lápá ọ̀tún nìyẹn. Tí ẹ bá sì ń fura pé wọ́n ti yí fọ́tò, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ nǹkan sí lára ni kí ẹ fà tóbi: táyà, ìlẹ̀mọ́ ara táǹkì, ojú máìlì. Bó bá jẹ́ Volvo, ẹ wo ọ̀pá tó dábùú iwájú rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Volvo tó ń kọjá lọ ní títì yín. Tí tinú fọ́tò bá dà síbòmíràn, ẹ mọ̀.

Ohun kejì tí ọmọ yìí sọ tí mo gbé mì láìjẹ lẹ́nu ni pé "XF105 ti 2004" ni. XF105 ò tíì dáyé ní 2004. 2005 ni DAF gbé e jáde. Ṣáájú ìyẹn, XF95 ni. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ni ìwọ̀nba ìṣirò yìí máa pa. Ẹni tó bá ní òun ní MAN TGX ti 2004 ń purọ́, 2007 ni TGX jáde. TGA ló wà nígbà yẹn. Scania R-series ti 2002? Irọ́ ni, 2004 ni R-series bẹ̀rẹ̀. Mercedes Actros MP3, ìyẹn ìran kẹta, ti 2005? 2008 ni. Ẹ kọ àwọn ọdún yìí síbì kan nínú fóònù yín.

Ẹ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ti máa ń ṣi nǹkan kọ. Lórí Mercedes, 1844 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 18 àti nǹkan bí agbára ẹṣin 440. Ti MAN náà fẹ́ jọ ọ́, 18.440. Ti Scania àtijọ́ yàtọ̀: 124 ń sọ pé ẹ́ńjìnnì lítà 12 ni, ìran kẹrin. Mo ti rí Scania R420 tí wọ́n lẹ V8, àmì ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ, mọ́ níwájú. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà ló ń wà nínú R420, ẹni tó lẹ V8 mọ́ ọn kàn ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Ti Máàkì (Mack) ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àtijọ́ ni wọ́n ti ń sọ pé ère ajá aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú Máàkì ń jẹ́rìí pé ẹ́ńjìnnì, jíà àti áásù gbogbo ló jẹ́ ti Máàkì fúnra rẹ̀, pé tó bá jẹ́ fàdákà, ẹ̀yà mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ń ta ajá lọ́jà o, ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ò sì wọ́n.

Lẹ́yìn tí mo ti sun ẹkún owó mi tán, mo ní n ò ní gba fọ́tò gbọ́ mọ́, mo gbéra lọ sí yáàdì kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ wo irọ́ náà. XF105 ni wọ́n pe ọkọ̀ yìí, iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ti XF105 lóòótọ́: bọ́ńpà tuntun, iná tuntun, gíríìlì tó ń dán. Awakọ̀ mi ló tún gbà mí. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń bọ̀, ó dorí kodò díẹ̀, ó pè mí. Lára ọ̀dà tí oòrùn ti jẹ, ibì kan wà tó funfun ju ìyókù lọ, ó ní ojú ìlà, ó ní kọ́nà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. 9. Lẹ́yìn náà 5. Wọ́n ti yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, òjìji rẹ̀ ò bá wọn lọ.

Kí ló dé tó fi rọrùn fún wọn tó bẹ́ẹ̀? Páálí ilé orí ọkọ̀ méjèèjì kan náà ni. Nígbà tí DAF ń ṣe 105, ojú ni wọ́n tún ṣe, wọn ò wó ilé. Nítorí náà bọ́ńpà àti gíríìlì 105 wọ 95, ilẹ̀kùn ò sì tú àṣírí. Abẹ́ ni kí ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí orí ọkọ̀ sókè. Ẹ́ńjìnnì XF95 ni XE, lítà 12.6, ti XF105 ni MX, lítà 12.9. XF105 tí wọ́n bá lò ní Yúróòpù sì máa ń ní táǹkì kékeré kan tó ní ọmọrí búlúù, ti AdBlue, omi tó ń dín oró èéfín ẹ́ńjìnnì kù. Mo béèrè táǹkì náà. Ọlọ́jà ní àwọn ti yọ ọ́ nítorí pé AdBlue ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n máa ń yọ ọ́ lóòótọ́, n ò bá a jà sí i. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ táǹkì, ojú ihò bóòtù tí wọ́n fi dè é á ṣì wà lára ṣáásì. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Irin náà mọ́ bí àwo.

Níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, lára ṣáásì. Nọ́ńbà ṣáásì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kò gbọdọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, apá ọ̀tún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí lára irin, nítòsí táyà iwájú. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì nù ún, kí ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́. XLR ni DAF. WMA ni MAN láti Jámánì, WDB ni Mercedes. YV2 ni Volvo, YS2 ni Scania, láti Sweden. Scania tí wọ́n tò ní Họ́láńdì á fi XLE bẹ̀rẹ̀. VF6 ni Renault. Èyí tó bá fi L bẹ̀rẹ̀, Ṣáínà ló ti wá.

Mo mẹ́nu ba Ṣáínà nítorí pé wọ́n ń ta Shacman fún àwọn èèyàn wa bíi MAN. Ilé-iṣẹ́ Shacman gbàṣẹ lọ́wọ́ MAN láti fi orí ọkọ̀ F2000 ṣe tiwọn, nítorí náà nínú fọ́tò tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá lẹ lẹ́tà MAN mọ́ iwájú, ojú lásán ò ní mọ̀ ọ́n. Èmi ò bú Shacman o, tíípà mi kan Shacman ni, ó ń jẹun fún mi. Kí n mọ̀ pé Shacman ni mo ń ra ni mo ń sọ, kí n sì san owó Shacman.

Àwa tó ti ń ra Toyota Amẹ́ríkà mọ lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣáásì, a fi ń mọ ọdún. Ẹ má fi ìyẹn wo ọkọ̀ ńlá Yúróòpù, ọ̀pọ̀ wọn ò kọ ọdún síbẹ̀. Ti Máàkì láti Amẹ́ríkà ṣì ń bá a mu.

Tó bá di dandan pé ọkọ̀ ṣì wà lókè òkun, fídíò ni kí ẹ béèrè, tí wọn ò gé. Kí wọ́n kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n rọra rìn dé ibi nọ́ńbà ṣáásì láìpa kámẹ́rà. Ọlọ́jà tòótọ́ á kùn díẹ̀, á ṣe é. Gbájúẹ̀ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́yìn náà á ní ọkọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀ ojú omi.

Mo ti lọ fi ẹ̀sùn sun ní tèṣán, wọ́n ní kí n máa retí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan láti Ìlọrin fi fọ́tò méje ránṣẹ́ sí mi, ó fẹ́ kí n bá òun wò ó bóyá ó dáa. Orí DAF funfun ni, kọnkéré tútù, géètì pupa. XF105 ti 2008 ni wọ́n pè é báyìí, ó jọ pé ẹnì kan ti bá wọn ṣírò ọdún. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ajẹ́ńtì, mo fi láìnì mìíràn pè é. Ohùn yẹn náà ló gbé e. "Dádì mi, ẹ káàárọ̀ o." Mo ní ọkọ̀ ọ̀hún wù mí, kó kàn bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà iwájú. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pa fóònù.