ÌKÌLỌ̀: Ẹ ṣọ́ra fún "ẹnjinía" tó ń ṣe biodigester kiri Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìgbógbó, Ìjẹ̀dé àti Ìmọ̀tà, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkùnrin kan bá wá bá yín tó ní ẹnjinía biodigester lòun, tó ní òun á ṣe sókàwéè tí ẹ ò ní kó fún 20 ọdún, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. ₦650,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì ka ti wọ́tà híítà mọ́ ọn.

Sókàwéè wa àtijọ́ ló kún. Bí a bá ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á máa hó gulugulu, ìdọ̀tí á sì padà yọ láti ojú ihò balùwẹ̀. A pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́, wọ́n fà á, kò pẹ́ ó tún kún. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà bíi tiwa mọ̀ ọ́n: omi ilẹ̀ kò jìn, bí òjò bá ti ń rọ̀, ilẹ̀ kì í fa omi mọ́. Ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá òórùn nínú ilé.

Fọ́tò iṣẹ́ tó ní òun ti ṣe ni ọkùnrin náà fi mú mi. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn kòkòrò kéékèèké ló máa jẹ ìgbẹ́ náà, omi tó bá kù á gba inú fílítà wọ ilẹ̀ lọ." Ẹnu dùn ún rofọ́! Ohun tó sọ yẹn kì í ṣe irọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Biodigester wà lóòótọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́. Òun ló mọ̀ pé òun ò ní ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ti yọjú ló ń sọ pé, "Mọ́mì, òórùn yìí ò dáa fún yín, ẹ wọlé, a máa pè yín." Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló fi ń wọ̀ mí. Ìgbà tí wọ́n máa pè mí, wọ́n ti da kọnkéré lé e, wọ́n ti lẹ táìlì sí i, funfun báláú, òdòdó búlúù wà ní igun rẹ̀. Mo san ìyókù owó lójú ẹsẹ̀. Mo tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó oúnjẹ. Mo fún wọn lówó oúnjẹ!

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, gbogbo rẹ̀ padà wọlé. Ó kọjá balùwẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ mi. Ìyá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń bá mi gbá a síta. Mi ò lè wo ojú wọn.

Bàbá púlọ́ńbà kan ló bá wa fọ́ táìlì náà. Ihò tí kò jìn tó ẹsẹ̀ 4 ló wà nísàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 tí wọn ò rẹ́ inú rẹ̀. Kò sí fílítà. Kò sí òkúta wẹ́wẹ́. Páìpù ínǹṣì 4 kan ló gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì lọ wọnú sókàwéè àtijọ́. Sókàwéè tó kún! Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ pè é! Ó gba ₦650,000 láti dá ìgbẹ́ wa padà síbi tó ti kúrò.

Mo pè é. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ da Hypo sí i nìyẹn." Òótọ́ ni pé Hypo àti Izal máa ń pa kòkòrò inú biodigester. Kòkòrò wo wá ni mo pa, nígbà tí kò kó ẹyọ kan sí i? Látìgbà yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Kànga wa ńkọ́? Omi rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní kí kànga àti sókàwéè jìnnà síra tó nǹkan bíi mítà 30. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni tiwa, ẹsẹ̀ 60 sí 60, kò lè gbà á. Oníṣẹ́ gidi ìbá ti sọ fún mi kó tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀, torí ibẹ̀ ni onígbáméjì àti táífọ́ọ̀dù ń gbà wọlé. Rírà la ń ra omi báyìí.

Ti wọ́tà híítà tún wá burú jù. Ó ní tiwa ti jó, ó tú u, ó gbé e lọ, ó sì gbé òmíì wá ní ₦95,000. Ríwáyà tó yẹ̀ ẹ́ wò fi èékánná họ ọ̀dà ara rẹ̀, ìpẹtà ló wà lábẹ́. Fáàfù tó yẹ kó máa tú omi jáde bí agbára rẹ̀ bá pọ̀jù, "ẹnjinía" yẹn ti dí i pa. Bọ́ǹbù ló gbé kọ́ sórí ibi tí ọmọ mi ti ń wẹ̀. Ta ló sì mọ̀ bóyá tiwa tó gbé lọ jó lóòótọ́?

Ẹnìkan ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró tì wọ́n. Ó yẹ kí n dúró, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni púlọ́ńbà ni? Bí mo bá dúró níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣé mo mọ bí fílítà ṣe ń rí? Owó ni mo san kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè bá mi ṣe é. Ẹ má di ẹ̀bi ru mí.

Ní báyìí, mi ò gba oníṣẹ́ ọwọ́ kankan gbọ́ mọ́. Bíríkìlà, púlọ́ńbà, àwọn tó ń ta ẹrù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi. Kódà bàbá tó bá wa fọ́ táìlì, tí kò ṣẹ̀ mí, mo jókòó tì í, mo ń ka búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe tiyín, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e. Ẹ lọ bá onílé tó ni iṣẹ́ tí wọ́n bá fi hàn yín. Bó bá jẹ́ séfítíkì táǹkì, ìyẹn táǹkì ìgbẹ́ tí kò yẹ kó jò, kí wọ́n pọn omi kún un kó sùn mọ́jú. Bí omi bá fà, ó ń jò. Ẹ fi lára owó pamọ́ títí òjò á fi rọ̀. Wọ́tà híítà, inú páálí ni kí ẹ ti gbà á.

Ó ṣì ń polówó o. Fọ́tò tó ń gbé kiri báyìí, táìlì funfun tó ní òdòdó búlúù ní igun, ẹ̀yìnkùlé mi nìyẹn!

Láti 2018 ni kóòtù ẹjọ́ owó kéékèèké ti wà l'Ékòó, fún owó tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ ò sì nílò lọ́yà. Mo ti kọ ìwé pé kó dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo ló wà ní àdírẹ́ẹ̀sì tó kọ sí rìsíìtì. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ká jọ pẹjọ́. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ fún lọ́wọ́ báyìí, ẹ ní kó ṣí i kí ẹ wo inú rẹ̀ lónìí.