Orí Idẹ Ifẹ̀ àti Ère Òkúta Èsìẹ́: Èwo Ló Sọ̀tàn Jù?

Ká má parọ́, tó bá jẹ́ ti ẹwà ni, ti Ifẹ̀ ló lékè. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ kan jáde. Ojú wọn dán, àwọn kan ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ètè wọn dà bí ti ẹni tó fẹ́ fọhùn. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Ṣùgbọ́n èmi, Èsìẹ́ ní Kwara ni mo mú. Orí Ifẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ààfin. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère Èsìẹ́ jẹ́ odidi ìlú: obìnrin tó di idà mú, ẹni tó jókòó sórí àpótí, oríṣiríṣi irun dídì. Ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn o! Àwọn ará ìlú ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣọdún wọn. Ilé mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.