Skánà Bluetooth ELM327 àti Ẹńjìnì Tó Ń Mu Epo Lámujù: Àgbéyẹ̀wò Mi

Corolla tòkúnbọ̀ tí mo ń wà láàárín Yábàá àti Kétu ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín dúdú ń tú jáde ní sàlẹ́ńsà rẹ̀, nígbà tí a sì tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, èéédú ló bò wọ́n. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n lọ ra odindi ínjẹ́kítọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹńjìnì) mẹ́rin ní ọjà Ládípọ̀. Kí n tó náwó yẹn, mo ra skánà ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí nípa ẹńjìnì, tí a ń fi Bluetooth so mọ́ fóònù. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò tí a ń kì í bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà ó bá ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa mu.

Kóòdù P0172 ló gbé jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé epo tó ń wọ ẹńjìnì pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jó tán lọ. Ìwọ̀n tó yẹ, ní ti ìwúwo, ni afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo bẹntiróòlù 1. Kóòdù yìí nìkan kò tó ìdí láti ra nǹkan kan, torí ínjẹ́kítọ̀ tó ń jò, epo tí agbára ìtì rẹ̀ ga jù nínú páìpù, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ lè fà á.

Àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù bí ẹńjìnì ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fi gbóríyìn fún skánà yìí. Ó fi hàn pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti ń gbìyànjú láti dín epo kù ní nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé ínjẹ́kítọ̀ ló ń jò, ìdínkù yẹn ì bá rọlẹ̀ nígbà tí mo tẹ tọ́rọ́tù títí ẹńjìnì fi ń yí ní ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Mo wá wo ìwọ̀n ooru omi ẹńjìnì: lẹ́yìn ìrìn àjò láti Kétu, 38°C ló ṣì ń kà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò ṣeé fi kan họ́ọ̀sì rédíétọ̀. (Àwọn mẹkáníìkì Èkó fẹ́ràn láti máa yọ tamositáàtì (ohun tó ń dá omi dúró kí ẹńjìnì lè tètè gbóná) dànù, nítorí náà mo rí i dájú pé tèmi ṣì wà níbẹ̀.) Kọ̀ǹpútà gbà pé ẹńjìnì kò tíì gbóná, ó sì ń da epo àárọ̀ kùtùkùtù sí i ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí rìwáyà tú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi náà, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti kún ẹnu wáyà rẹ̀. Ó fọ ẹnu wáyà, ó fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i, ooru omi gòkè dé 88°C, èéfín dúdú sì dáwọ́ dúró láìfọwọ́ kan ínjẹ́kítọ̀ kankan.

Ó ní àléébù. Kò lè wọn agbára ìtì epo nínú páìpù, kò sì ka ìṣòro ABS (ti bíréèkì) tàbí èyàbáàgì ọkọ̀ mi. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ní kí olùtajà jẹ́ kí ẹ dán an wò lára ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó kọ gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ sílẹ̀, torí ó máa ń pa ẹ̀rí ìṣòro náà rẹ́ pẹ̀lú.