Ìbọn ìléwọ́ àbí pọ́ǹpù: ohun tí ojú mi rí ní Houston

Mo ti ní méjèèjì. Ìbọn ìléwọ́ 9mm ni mo kọ́kọ́ rà, ó lò tó ọdún kan àtààbọ̀ lọ́wọ́ mi. Pọ́ǹpù 20-gauge ló wà nílé báyìí, ìbọn gígùn tí ẹ máa fa abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn-síwájú kí ọta tó wọlé (gauge ni wọ́n fi ń wọn bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀, nọ́ńbà kékeré ló fẹ̀ jù); ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin. AR-15 ní tirẹ̀, ìbọn gígùn tó ń ki ọta fún ara rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni mo fi yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta ní réǹjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú títì kó tó wálé. Ọjọ́ tí wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn aládùúgbò wa lọ́sàn-án gangan ni ọkọ mi ní ká wá ìbọn sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Alief, Katy tàbí Missouri City ní agbègbè Houston níbí, ní Texas, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí: ẹ dé ibi ìkómọ, ọkùnrin mẹ́rin á ti jókòó ti kúlà, kálukú ló mọ ìbọn tó dáa jù. Gbogbo wọn ló gbà mí nímọ̀ràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé, nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́, ibo ni ìbọn yẹn máa wà?

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ ìjọba àpapọ̀, ẹni ọdún 21 ló lè ra ìléwọ́, ẹni ọdún 18 lè ra ìbọn gígùn. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á fi orúkọ yín wádìí, ó sábà máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ní green card lè rà á bíi ọmọ onílùú. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ kò lè rà á, àfi tó bá bọ́ sí inú àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda, bíi ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀. (Ọmọ ọdẹ ni mí, ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.) Ẹ má sì bá ọmọ àbúrò yín rà á lórúkọ yín. Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè ní tààrà bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ni ín, ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ sì ni irọ́ ibẹ̀. Bọ̀dá kan bẹ̀ mí ní irú ẹ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì rí. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí pásítọ̀ má gbọ́.

Ó yá, ká wá fi wọ́n wéra.

Bí ìbọn ṣe ń ti èèyàn. 12-gauge ni àwọn ọkùnrin ìkómọ yẹn ní kí n rà. Mo yin ọta márùn-ún ní réǹjì, ọjọ́ kejì mi ò lè gbé apá sókè fi di gèlè. 20-gauge rọ̀ jù ú lọ dáadáa, ó sì ní èyí tí ìdí rẹ̀ kúrú, tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn. Ẹ gbé e sí èjìká ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn kí ẹ tó rí iwájú rẹ̀, kì í ṣe tiyín. Ìléwọ́ 9mm kò ti èèyàn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ fífa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn gba agbára. Ìyá mi tó wá bá wa tọ́ ọmọ fà á títí, kò lọ.

Ìtàsé. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọta pọ́ǹpù máa ń tàn ká, pé kò nílò ká fojú sun nǹkan. Irọ́ ni. Láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ mi dé orí sófà, ihò tó ń dá kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Síbẹ̀, ohun tí a gbé ti èjìká, tí a sì fi ọwọ́ méjì dì mú, rọrùn láti fi sun nǹkan ju ohun tó ń gbọ̀n níwájú ẹni lọ.

Ìró. Wọ́n á ní tí olè bá ti gbọ́ bí ẹ ṣe fa pọ́ǹpù, kàrá-kàrá, á sá. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ sí òun? Àwọn kan á sá lóòótọ́. Ẹ má rà á nítorí ìyẹn.

Ògiri. Páálí ni ògiri ilé Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà ti gbá a rí nígbà tí ẹ ń gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ọta 9mm á gba inú rẹ̀ kọjá, ọta pọ́ǹpù ńláńlá á kọjá, ti AR náà á kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ jù. Èyí wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ kò kọjá tó bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ibi tí ẹ máa dúró sí. Nínú yàrá mi, igun kan ṣoṣo ló wà tí ẹnu ìbọn kò fi ní kọjú sí yàrá ọmọ. Mo fi téèpù pupa sí ilẹ̀ ibẹ̀.

Pọ́ǹpù ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá fà á ní ìlàjì, ó há nìyẹn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kìíní, olùkọ́ wa kàn wò mí. Ọwọ́ méjì ló sì ń gbà: ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kan pe ọlọ́pàá ní 911, tàbí tó gbé ọmọ lọ́wọ́, ìléwọ́ ló máa rọrùn fún un. Mo gbà.

AR-15: kò wúwo, kò ti èèyàn, ọta rẹ̀ pọ̀, ó dùn-ún yìn. Owó rẹ̀ jù, ariwo rẹ̀ nínú ilé kò ṣeé fẹnu sọ. Mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ibi tí owó mi ti ṣègbé ló kù. Ìbọn ìléwọ́ máa ń rìn. Pọ́ǹpù mi gùn tó ọmọ ọdún mẹ́rin, kò wọ báàgì, kò wọ àpò, ibi tí mo bá fi í sí ni mo máa bá a. Ìléwọ́ á wà nínú dúrọ́ọ̀ lónìí, á wà lábẹ́ ìrọ̀rí lọ́la, lọ́túnla ẹ ti ń fi lọ ra ẹja.

Ẹni tó ta tèmi fún mi ní kí n mú àpótí onírin kékeré kan mọ́ ọn, èyí tó ń fi ìka ṣí, $140. Ẹ tẹ ìka, iná àwọ̀ ewé tàn, ó ṣí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti kúrò ní ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó ń fi ọṣẹ àti sánítáísà fọwọ́ fún wákàtí méjìlá, ìlà ìka wo ló kù níbẹ̀? Lóru ọjọ́ kan, nǹkan ń dún gbàmù gbàmù lẹ́yìn ilé. Mo tẹ ìka: iná pupa. Mo nù ún mọ́ aṣọ ìsùn: iná pupa. Mo fi itọ́ pa á: iná pupa. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í han goooro, ó ní òun kò gba ìka mọ́. Ọmọ mi jáde sí kọ́rídọ̀, ó ń fọwọ́ ra ojú: "Mọ́mì, kí ló ń ké?" Possum, ẹranko kan tó jọ òkété, ló ń tú garawa ìdọ̀tí wa lẹ́yìn.

Ìyẹn ì bá ṣì jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń ṣàlàyé fún ọmọ náà pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àpótí yẹn láéláé, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. Ó ní, "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí ńkọ́?" Ó tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi. Iná àwọ̀ ewé. Ó ṣí.

Kì í ṣe tèmi nìkan. Ní October 2023, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọjà ní kí àwọn èèyàn dáwọ́ lílo irú àpótí oníka bẹ́ẹ̀ tó tó 61,000 dúró, nítorí pé ìka ẹni tí kò ni ín lè ṣí i, ẹ̀mí ọmọ ọdún méjìlá kan sì ti bá a lọ. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe tèmi, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè fi ìbọn náà sílé pẹ̀lú ọmọ àti àbúrò mi tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sínú báàgì. Láti September 1, 2021, Texas kò fi dandan béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún. Ilé ìwòsàn kò sì gba ìbọn wọlé. Kí ni mo ṣe? Mo ń fi sínú píjìnhóòlù mọ́tò. Ìbọn tí mo rà kó máa ṣọ́ ilé wá ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Oṣù mẹ́ta kò pé. Mo jáde ní aago méje àárọ̀, ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì, gíláàsì ti fọ́ sílẹ̀ gbogbo àga iwájú. Gààrí Ìjẹ̀bú tí mo rà wà lórí àga ẹ̀yìn, wọn ò yà á wò. Píjìnhóòlù nìkan ló ṣí. Ọlọ́pàá dé, ó béèrè nọ́ńbà ara ìbọn. Nọ́ńbà wo? Mi ò kọ ọ́ síbì kan. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, wọ́n bá mi tú ìwé wọn, ó gba odindi ọjọ́ ìsinmi mi. Ìbọn $520, àpótí $140, gíláàsì $310: ẹ ṣírò rẹ̀, $970. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọlọ́pàá pè mí pé wọ́n ti rí i lọ́wọ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan. Wọn ò sọ ohun tó fi ṣe. Mi ò béèrè. Mi ò rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn kan á ní èmi ni mo ṣi ìbọn ìléwọ́ lò, pé ìbọn kò jẹ̀bi. Òótọ́ ni. Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin léra wọn.

Pọ́ǹpù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tóóró kan tí ọkọ mi fi ìdè kàn mọ́ igi inú ògiri lẹ́yìn aṣọ wa, $230. Bọ́tìnnì márùn-ún ló ń ṣí i, kò lo bátìrì, kò béèrè ìka. Ọta wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ní ojú ihò tí ìbọn ti ń yìn ín, títí ẹ ó fi fà á. Òfin Texas kò fojúure wo ẹni tó bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 rí ìbọn tó ti kún fọwọ́ kàn. Tí ọmọ bá wá fi ṣe èèyàn léṣe gidi, ẹjọ́ rẹ̀ á le sí i.

Èwo ni kí ẹ rà? Mi ò fẹ́ ṣègbè. Bí ẹ bá ń dá gbé ní àpátímẹ́ńtì tí kọ́rídọ̀ rẹ̀ há, tí kò sí ọmọ níbẹ̀, tí ẹ sì lè lọ sí réǹjì lóṣooṣù, ìbọn ìléwọ́ dára fún yín. Ẹ ra àpótí oníbọ́tìnnì kí ẹ tó ra ìbọn, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí fún ara yín pé kò ní wọ mọ́tò. Àwa yòókù, tí a ní ọmọ, tí iṣẹ́ ń pá lórí, tí a máa ń gbàgbé fóònù sórí òrùlé mọ́tò, 20-gauge ìdí kúkúrú wà níbẹ̀. $430 ni mo ra tèmi.

Ọkọ mi ní òfin tirẹ̀ báyìí. Tó bá dé lóru, kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Á dúró lójú ọ̀nà mọ́tò, á pe fóònù mi, á ní, "Ìyá Tósìn, èmi ni o." Tí mo bá dáhùn ló tó wọlé.