Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ nǹkan oṣù tí n kò rí rí

A bí mi láìní ilé-ọmọ, torí iṣẹ́-abẹ tí wọ́n fi ń gbé ilé-ọmọ ẹlòmíràn síni nínú la ṣe wá. Ó wà nínú lẹ́tà tí dókítà mi fi ránṣẹ́ sí kíníìkì yìí, ó sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì mi. Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní kí n kọ ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní n kò rí i rí. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gba òfìfo, kí n ṣáà fi ọjọ́ kan sí i. Ohùn rẹ̀ ròkè! Ọkùnrin tó ń ka ìwé ìròyìn lẹ́yìn wa ti gbé ìwé sílẹ̀, ó ń tẹ́tí. Màmá ti ń tú gèlè. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ìjà dé. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà á.

Tìbínú tìbínú ni mo fi wọ yàrá nọ́ọ̀sì. Mo ti ka ti Sweden, níbi tí obìnrin ti kọ́kọ́ fi ilé-ọmọ tí wọ́n gbé sí i nínú bímọ ní 2014, àti ti Oxford, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti fún àbúrò ní ilé-ọmọ tirẹ̀ ní 2023, tí àbúrò sì bímọ ní 2025. Ayọ̀ nìkan ni mo rí kà. Nọ́ọ̀sì ló gbé ti Dallas ní Amẹ́ríkà ka iwájú mi, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: obìnrin 20 ni wọ́n ṣe é fún láàárín 2016 sí 2019, ó fìdí múlẹ̀ lára 14, gbogbo àwọn 14 náà ló sì bímọ. Ti àwọn 6 yòókù kò dúró. Nínú àwọn 18 tó fi tiwọn tọrẹ lójú ayé, 4 ló ní ìṣòro tó le lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ. IVF, ìyẹn kí wọ́n da ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ níta ara, la ó fi lóyún, iṣẹ́-abẹ la ó fi bí i, màá sì máa lo oògùn tí kò ní í jẹ́ kí ara mi kọ̀ ọ́ títí wọn ó fi tún yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ fún mi ní tiwọn. Nọ́ọ̀sì ní kí èmi àti Màmá jáde. Màmá ní, "Èmi tí mo bí àwọn méjèèjì?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì dì í mú títí a fi jáde. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n ní nọ́ọ̀sì bi àwọn bóyá ẹnikẹ́ni ń fipá mú àwọn. Pé bí àwọn bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́, òun á kàn sọ fún wa pé àyẹ̀wò kò gbà á. Wọ́n wá sọ gbogbo ẹ̀ létí Màmá! Mo fẹ́ràn nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rò ó, mo sì ní kí wọ́n máa rò ó.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ti gba ọjọ́ míràn. Ẹ má wa mọ́tò lọ. Owó ìgbọ́kọ̀sí wọn, ìrẹ́jẹ ni.